Iná Abẹ́ Itan Àgbò

Bàbá Àmúdà,

Mo ti lọ ra igi gbígbẹ wá ní Olúpọ̀nnà. Ògùṣọ̀ tí ẹ kì bọ abẹ́ ẹran láàárọ̀, tí ẹ ní kó lè tètè gbẹ, mo ti kó o dànù. Epo ara rẹ̀ ló ń yọ èéfín dúdú yẹn. Mo ti fi ọ̀bẹ họ itan àgbò Iléyá náà, mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo sì dá iná mìíràn.

Ẹyin iná ló pọ̀ níbẹ̀, igi kan ṣoṣo ni mo fi sí i. Bí èéfín bá funfun tó sì ki, ẹ ṣí ẹnu ààrò kí afẹ́fẹ́ wọlé. Bí ọwọ́ iná bá ń ta dé ara ẹran, ẹ bu eérú lé e. Ẹ má fi nǹkan kan kún un.

Ẹ má bínú pé mo jágbe mọ́ yín lójú àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ nípa ògùṣọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Lọ́la ni mò ń gbé itan yìí lọ fún ìyá mi ní Ilé-Ogbó, ó sì gbọ́dọ̀ mọ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbóòórùn itan tí a gbé lọ fún wọn, wọ́n gbá àyà mú, wọ́n ní: “Ẹ kú ewu iná o! Kí lẹ rí kó jáde?”

Ìyá Àmúdà