Ààfin Tó Di Ilé Ìkàwé

Màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ọkọ mi mú mi lọ sí Ireland kí n lọ gbafẹ́. A ti padà sí Houston.

Háà, mo wọ ààfin àtijọ́! Ògiri rẹ̀ nípọn ju fífẹ̀ balùwẹ̀ wa lọ. Mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó ń mú wa káàkiri ní kí n dìde, ọba ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ààfin náà di ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó di ilé màlúù. Ní báyìí, ìwé làwọn ọmọdé ń kà níbẹ̀. Síbẹ̀, kò wó!

Àwa náà ti sọ yàrá kékeré tí a kùn yẹn di ọ́fíìsì. Ara mi ti le. Ọṣẹ àti òrí tí ẹ tọ́jú láti fi wẹ ọmọ fún mi, ẹ fún ìyàwó Tìmí. Ẹ ní mo kí i kú ìkúnra: a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ.

Mọ́pẹ́ yín