Pupuru Ẹnu Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ọmọ́lẹ́yẹ àbúrò mi, mo ti lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Má fọwọ́ kan pupuru mẹ́ta tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo mọ ọ̀fun rẹ. Má sì jẹ́ kí ọmọ mi tọ́ ọ wò. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, àmọ́ gbígbẹ táútáú ni mo bá a, ó ṣì ń gbóná.

Èmi náà rò pé Akíntáyọ̀ ló ń gbé e wá lóṣooṣù, bí adájọ́ ṣe pàṣẹ fún un nígbà tá a kọ ara wa sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè mí láti Àjàgbà. Oṣù mẹ́ta rèé tí wọ́n ti sin ín. Kò sì sẹ́ni tó ń rẹ ẹ̀gẹ́, tó ń yan pupuru nílé wọn mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti jẹ ẹ́ látìgbà náà. Má bínú.

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló ń dẹ́rù bà mí. Níwájú adájọ́, mo nàka sí i, mo ní, "Bó o kú, bó o yè, wàá bọ́ ọmọ yìí." Ó ní, "Mo gbọ́."

Mo fẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tú u sílẹ̀ nínú àṣẹ náà. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kóòtù ti sọ fún mi nígbà yẹn pé ẹ̀tọ́ ọmọ ni, kì í ṣe tèmi, n ò sì lè ní mi ò fẹ́ mọ́, àfi tí ọmọ bá pé ọdún méjìdínlógún.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé méje.

Fúnlọ́lá