Àwọn Dígí Tí Bàbá Ò Rí Fọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ṣé dáadáa ni ẹ wà, ìyàwó wa àti àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Màmá ò wú mọ́. A ti tún òrùlé ṣe.

Ẹ ní kí n kó àwọn dígí tí Bàbá fi ń ya fọ́tò dànù, àwọn tí wọn ò rí fọ̀ kí wọ́n tó kú, kí ayálégbé lè gba yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo fi aṣọ pupa bo iná, mo po oògùn, mo fọ mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ bàjẹ́. Nínú ìkẹsàn-án, Bàbá fúnra wọn jókòó sórí àga oníbàárà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, eyín wọn dúdú, torí ohun tó bá funfun máa ń di dúdú lára dígí.

Mo bi Màmá pé ta ló yà wọ́n.

“Èmi ni. Látìgbà tí ọwọ́ bàbá yín ti ń gbọ̀n, ta lẹ rò pé ó ń ya àwọn oníbàárà?”

Ẹ̀yin lẹ sì máa ń sọ pé obìnrin ilé wa ò mọ iṣẹ́ yìí.

Yàrá náà ti ní ẹni tó ń lò ó. Màmá ló wà níbẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n ní n ò mọ oògùn pò.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ẹ bá wa ra oògùn fọ́tò bọ̀. Tí ẹ bá dé, ẹ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa ba iṣẹ́ wa jẹ́.

Èmi ni,
àbúrò yín olóríkunkun