Fọ́tò Àgbọ̀n Na-rae

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà Pátápátá,
Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣẹ́ Abẹ Àgbọ̀n Lágbàáyé,
Seoul.

Sí Omidan Na-rae,

Mo kí ọ láti orí àga mi tó ń yí. Ṣé ara le? Ṣé oorun ń wá? Èmi, tí àwọn dókítà máa ń dìde fún bí mo bá wúkọ́, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbọ̀n rẹ, mo sì pàṣẹ kí o ka ìwé yìí dópin, ìwọ ọmọdébìnrin yìí!

Ó tó. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ó wù mí kí n pè yín ní "ìwọ" lẹ́ẹ̀kan láyé mi ni. Ká ní orúkọ mi ló wà lẹ́yìn àpò ìwé yìí, ẹ ò ní ṣí i, nítorí akàn ààyè tó wà nínú èyí tí mo fi ránṣẹ́ kẹ́yìn.

Màmá ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wa. Ilé ìwòsàn tó kọ́kọ́ gé àgbọ̀n yín kí ojú yín lè rí tẹ́ẹ́rẹ́ ti kógbá sílé. Apá òsì jìn ju apá ọ̀tún lọ, ọbẹ̀ sì ń ṣàn jáde lẹ́nu yín láìmọ̀. Dókítà tuntun fẹ́ tún un ṣe ní Ọjọ́bọ̀, àmọ́ ó ní, "Ẹ̀rọ lè fi egungun tó kù hàn mí, kò lè fi ojú tó wà tẹ́lẹ̀ hàn mí. Mú fọ́tò wá." Fọ́tò wo? Ti ìdánimọ̀ ni, ti ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ni, gbogbo rẹ̀ ni onífọ́tò ti fi kọ̀ǹpútà fá àgbọ̀n yín kí dókítà kankan tó mú abẹ. Ẹ wá ní, "N ò lọ mọ́. Wọn ò tún ní fi ojú mi kọ́ṣẹ́." Màmá sunkún sórí ẹja tí wọ́n ń sá. Ìyá àgbà ní, "Rọra o, ẹja yẹn ti níyọ̀ tẹ́lẹ̀."

Ni mo bá fi ohùn Màmá pe dókítà náà. Mo ní irú fọ́tò wo ló ń wá gan-an. Ó ní, "Èyí tí ẹnikẹ́ni ò tún ṣe, Ìyá. Iwájú, ẹ̀gbẹ́, àti ìgbà tó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé kò sí o? Ohùn yín há." Mo ní, "Eruku ẹja gbígbẹ ni, ọmọ mi." Ó sì dúpẹ́!

Àwọn fọ́tò náà wà nínú àpò ìwé yìí, gbogbo èyí tí mo jí yà, tí ẹ torí rẹ̀ lé mi yí ilé ká. Iwájú: ẹ ń sùn, ẹnu yín là sílẹ̀ gbàgà. Ẹ̀gbẹ́: núdùlù rọ̀ sí yín lágbọ̀n. Ẹ̀rín: ọjọ́ tí mo sín ọ̀gá ilé ìwé wa jẹ, tí ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀. Kò sẹ́ni tó tún wọn ṣe, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹ rẹwà níbẹ̀. Mo fi rúlà wọn àgbọ̀n yín níbẹ̀: òsì àti ọ̀tún dọ́gba.

Ẹ gbé wọn lọ fún un. Ó sọ fún "Màmá" pé òun lè fi egungun kún ibi tó jìn, pé ètè tó kú lè máa jí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò ṣèlérí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ṣebí ìlérí ló fi kún etí yín.

Kí ọwọ́ dókítà má gbọ̀n. Kí ẹ sùn ire, kí ẹ jí ire. Kí ọbẹ̀ máa gba ọ̀nà ọ̀fun, kó má gba àgbọ̀n mọ́.

Èmi tí kò ní àga tó ń yí, tí dókítà kankan ò dìde fún rí,
Àbúrò yín oníyọnu,
Gyu-sik, ní Tongyeong.

Àfikún: Màmá ti ń se omi elégédé tí wọ́n ń mu kí ojú tó wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè fọn. Ìkòkò ńlá méjì ti kún. Kò sẹ́ni tí ojú rẹ̀ wú nílé yìí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ta ni ẹ fẹ́ kó mu ún?