Ẹ Jẹ́ Ká Kúkú Lọ sí Olúmọ

Bọ̀dá Láwàlì,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara Ìyá le, iṣẹ́ ọkọ mi náà ń lọ dáadáa.

Mo ti béèrè àwọn ibi ìgbafẹ́ tí ẹ ní kí n wò fún ìgbà tí ẹ bá wálé lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní Tóògéètì, mo sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe dára sí. Olúmọ ló ṣáájú: ọ̀nà dára, ilé ìtura àti ọsibítù wà nílùú. Àwọn kan ní ọ̀nà, wọn ò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyá ní, "Kí Láwàlì ya fọ́tò ìyẹn wá fún mi nílé, èmi kì í ṣe ewúrẹ́." Omi orí òkè tí ẹ fẹ́ràn yẹn ló kẹ́yìn: kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, dókítà sì jìnnà.

Bàbá Basit ní kí n má tíì sọ fún yín, àmọ́ ikọ́ fée ń ṣe Basit ọmọ wa. Tó bá sáré díẹ̀, kò ní lè mí dáadáa. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ẹ bá mi bi àwọn dókítà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún nípa oògùn tí wọ́n ń fà símú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kúkú lọ sí Olúmọ. Ẹ̀yin á gùn ún, èmi àti Basit á jókòó nísàlẹ̀, a ó máa juwọ́ sí yín.

Ọlọ́hun á mú yín délé láyọ̀.

Àbúrò yín,
Hajarat