Ìdí Tí Àwòrán Fi Ń Pẹ́ Dé Kúdẹtì

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kejì, 1999
Ìyára ìfiránṣẹ́: iye àmì tí ẹ̀rọ kan lè sọ sójú afẹ́fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ̀rọ kejì sì gbà á pé. Láti ilé àyẹ̀wò wa ní Mápó dé ilé ìwòsàn ní Kúdẹtì, kò sí wáyà. Àpótí kékeré kan wà lókè àjà níbí, èkejì wà lọ́hùn-ún, Linux, ètò àṣẹ kọ̀ǹpútà, ló ń darí méjèèjì. Mílíọ̀nù méjì àmì ló yẹ kí wọ́n máa gbé. Àwòrán eegun kan tí a yà níbí — ìṣẹ́jú kan péré ló yẹ kó fi dé. Dókítà Felicia ní Kúdẹtì sọ pé ogún ìṣẹ́jú lòun fi dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí aláìsàn ń ké lórí tábìlì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2
Mílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ àmì sì ń sọnù lọ́nà, ẹ̀rọ ń tún wọn rán tó ìgbà mẹ́wàá. Ó di aago méjì ọ̀sán kó tó gun padà fúnra rẹ̀. Bí ẹni pé ẹnì kan mú ọwọ́ kúrò.

Ọjọ́rú, 3
Mílíọ̀nù méjì geere látàárọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6
Ìyára tún rọ̀. Mo yẹ ìwé iṣẹ́ àwọn ará Kúdẹtì wò. Ọlábọ̀wálé nìkan ló ń wà nídìí àpótí Kúdẹtì láàárọ̀ Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta. Ẹlẹ́rìn-ín — orúkọ tí mo sọ ọ́. Òun ló ń tọ́jú rédíò àtijọ́ tí àpótí yìí gba iṣẹ́ rẹ̀. Mo pè é, mo ní ṣé ó fọwọ́ kan nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀rọ yín gbọ́n jù wá lọ, Ẹnjiníà. Ta ló máa fọwọ́ kàn án?"
Ìdáhùn ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Ó tún rọ̀. Ó tó gẹ́ẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ Ọlábọ̀wálé fún Ìyá Clara, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní Kúdẹtì. Mo ní n kò dá a lẹ́bi o, ṣùgbọ́n ọjọ́ tirẹ̀ nìkan ló ń bàjẹ́. Kó tó di ọ̀sán wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ibi tí àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀, lójú gbogbo nọ́ọ̀sì. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn máa jókòó lé e lórí lọ́jọ́ Ajé. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 12
Mo ka àṣẹ inú àpótí. Ẹwà rẹ̀ nìyí: ẹni tó ṣe é kò fi nǹkan kan pamọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á tán. Bí àmì bá ń sọnù, àpótí fúnra rẹ̀ ló ń rọ ìyára sílẹ̀, bí ẹni tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ fún arúgbó tí etí rẹ̀ wúwo. Kò nílò ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ló wá ń jẹ àmì?
Ẹlẹ́rìn-ín ṣì lè máa yí eriali, ọ̀pá tó ń gba àmì, kúrò lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13
Ẹlẹ́rìn-ín kò sí níbi iṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyára rọ̀ síbẹ̀síbẹ̀.
Mo gun òrùlé, mo fojú tọ ọ̀nà tí àmì ń gbà lọ sí Kúdẹtì lórí àwọn páànù tó ti dípẹtà. Ní Ọ̀rányàn, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan — ohun funfun gbọọrọ. Mo fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Sùtánà ìjọ Aládùúrà, ó tó ogójì, omi ń ro lára wọn. Ọdún tuntun ni àwọn ìjọ náà kó dé ilé yìí. Wọ́n ń fọṣọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun de ìsìn Ọjọ́rú, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta de ti Àìkú. Mo bi Ìyá Àtọ́kẹ́ tó ń sá wọn pé kí ló dé tó fi sá wọn ga tó bẹ́ẹ̀.
"Aṣọ àdúrà kọ́, ọmọ mi? Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ayé máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ni?"
Aṣọ tútù ń fa àmì mu bí kànrìnkàn ṣe ń fa omi. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n sún okùn sẹ́yìn ilé, lókè bákan náà.
Ìyá Àtọ́kẹ́ ní: "Àṣé àdúrà wa lágbára tó báyìí!"
Aago mọ́kànlá: mílíọ̀nù méjì.

Ọjọ́ Àìkú, 14
Mo lọ bẹ Ọlábọ̀wálé nílé rẹ̀ ní Pópó Yemọja. Kò rẹ́rìn-ín. "Ojú èèyàn ni wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, Ẹnjiníà. Ṣé inú pálọ̀ lẹ ti máa dá a padà?"

Ọjọ́ Ajé, 15
Mo sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ àti gbogbo nọ́ọ̀sì: èmi ni mo ṣì í fura sí. Ọlábọ̀wálé gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Kò wojú mi.
Mo lẹ ìwé yìí mọ́ àpótí méjèèjì: Bí ìyára bá rọ̀, gun òrùlé. Wo ọ̀nà títí dé òdìkejì. Kọ ohun tí o rí sílẹ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni kí o tó sọ̀ kalẹ̀.