Ìyàwó Wa Ló Ṣe É

Àǹtí Diễm, ẹ kú iṣẹ́ rédíò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Nígbà ọdún tuntun Tết àkọ́kọ́ mi nílé ọkọ, ní ìlú Huế, òjò ò jẹ́ kí n sá kárọ́ọ̀tì àti ìbẹ́pẹ dúdú gbẹ kí n tó rẹ wọ́n sínú omi ẹja oníyọ̀ àti ṣúgà láti fi ṣe oúnjẹ ọdún. Ló bá hó, ló ń rùn. Ìyá ọkọ mi rọra dà á nù, wọ́n gbé tiwọn síwájú àlejò: "Ìyàwó wa ló ṣe é o!" Gbogbo ilé yìn mí.

Ìyá ọkọ mi yìí ti ń gbàgbé nǹkan báyìí. Lánàá, wọ́n tọ́ èyí tí mo ṣe lọ́dún yìí wò: "Ẹni tó ṣe èyí mọ̀ ọ́n ṣe o! Ta ni?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ni, Màmá."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé irọ́ ni mo pa, àbí ọpẹ́ ni mo dá?